Iná tó lọ ní Ghana ló yọ Maersk: ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún èbúté Abidjan?

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò l'Abidjan, pàápàá ní Treichville àti Adjamé. Ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ń tà ló ń gba èbúté ìlú náà wọlé.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó ni ín àti ọkọ̀ tó máa gbé e. Bí àwọn ọ̀daràn bá ti kọ̀ǹpútà náà pa, ẹrù máa há síbẹ̀ ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017?

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà NotPetya kọlu Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Denmark. Ukraine ni kòkòrò náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tàn káyé. Èbúté 17 nínú 76 tí iléeṣẹ́ náà ń bójú tó ló fara gbá a. Maersk ní àdánù òun lè tó 300 mílíọ̀nù dọ́là.

Àkọsílẹ̀ tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn bàjẹ́ níbi gbogbo, àyàfi ní Ghana. Iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òṣìṣẹ́ kan gbé àkọsílẹ̀ náà wá sí pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ẹlòmíì gbà á níbẹ̀, ó sì gbé e lọ sí London.

Kí ló kan Abidjan?

APM Terminals, tó jẹ́ ti Maersk, wà lára àwọn tó ń darí ibùdó kọ̀ǹténà kejì tí wọ́n ṣí l'Abidjan lọ́dún 2022. Lóṣù Keje ọdún 2021, ìkọlù orí ayélujára ti dá iṣẹ́ dúró ní èbúté Durban, South Africa.

Kí ni èbúté lè ṣe?

- Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé.
- Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù.
- Kí òṣìṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá kú. Lóṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn kan gba orí kọ̀ǹpútà pa iná mọ́ nǹkan bíi 225,000 oníbàárà lójú ní Ukraine. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ fi ọwọ́ tan iná náà padà láàárín wákàtí díẹ̀.

Oríire ló yọ Maersk ní Ghana. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹténà l'Abidjan kò lè fi oríire ṣe ààbò.