Nígbà tí Ìjì Bá Pa Iná Mọ́ Wa Lójú

Ẹ̀yin abiyamọ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, àkọ́rọ̀ òjò kì í dá nìkan wá. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, ìjì àti ààrá ni ó máa ń mú lọ́wọ́ bọ̀. Ìjì a ṣí òrùlé, a dá ẹ̀ka igi sórí wáyà, a sì bi òpó iná wó. Nígbà náà ni òkùnkùn yóò bo ilé, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni ẹrù rẹ̀ sì ń wúwo lé lórí jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin, irú ìjì bẹ́ẹ̀ jà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Òpó iná kan wó lulẹ̀, gbogbo ilé sì ṣú dùdù. Àbíkẹ́yìn mi jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, àkọ́bí mi obìnrin sì ti pé ọdún méje. A ti gbogbo fèrèsé nítorí òjò. Ooru mú, ọmọ ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí ké. Bàbá àwọn ọmọ ní kí a gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó lọ sí ilé ìdáná, kí òjò má baà pa á. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ìmọ̀ ìtọ́jú ilé gan-an ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́! Ṣùgbọ́n igbe ọmọ ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ mi, mo sì dákẹ́.

Kò tó wákàtí kan tí àkọ́bí mi fi wá bá mi. Ó ní, “Màmá, orí ń fọ́ mi, èébì sì ń gbé mi.” Àyà mi já. Mo sáré lọ pa ẹ̀rọ náà, a ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, a sì kó àwọn ọmọ jáde sí ìloro iwájú ilé, nítorí ààrá ti dákẹ́, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó kù. Bàbá wọn gbé ọmọ náà lé itan, kò lè sọ̀rọ̀. Orí kó wa yọ, ara ọmọ balẹ̀. Síbẹ̀, àṣìṣe ni a tún ṣe: ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ewu náà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní májèlé kan nínú tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí a bá mí i símú, yóò gba ipò atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Orí yóò máa fọ́ni, òòyì yóò máa kọ́ni, oorun yóò sì gbé ẹlòmíràn lọ tí kò ní jí mọ́. Ara ọmọdé kì í pẹ́ gbà á. Ṣíṣí fèrèsé kò tó láti lé e jáde. Ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ náà wà, kí ó jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Bí òjò kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi. Àdògán eléèédú náà kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, tọ́ọ̀ṣì tàbí fìtílà tí ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́ ni ó dára jù níbi tí ọmọdé wà. Bí ó bá jẹ́ àtùpà, ẹ má ṣe bu epo òyìnbó sí i nígbà tí ó ń jó. Ẹ má sì ṣe rọ epo náà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì. Bí ó bá ń bì, epo òyìnbó náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Oúnjẹ ńkọ́? Bí a kò bá ṣí fíríìjì, oúnjẹ inú rẹ̀ lè wà láìléwu fún wákàtí 4. Fírísà tí ó kún dẹ́nu lè mú òtútù dúró fún wákàtí 48. Bí ó bá kún dé ìdajì, wákàtí 24 ni. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ẹran tí ẹ bá ń ṣiyè méjì lé lórí wò. Mílíìkì ọmọ tí a ti pò kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀. Ọmú ìyá ní tirẹ̀ kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná rárá.

Bí wáyà bá já sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn, pàápàá nínú omi. Kí a sì yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná, nítorí bí iná bá dé pẹ̀lú agbára òjijì, ó lè bà wọ́n jẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí jìnnìjìnnì lọ, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a ta àwọ̀n ẹ̀fọn, mo sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ ọwọ́. Bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Ìjàpá, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí a ti ra tẹlifíṣọ̀n. Kí àlọ́ kejì tó parí, gbogbo wọn ti sùn. Ohùn òbí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ó ń lé ẹ̀rù òkùnkùn lọ lára ọmọ.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, ẹ wá àpótí kan, kí ẹ kó tọ́ọ̀ṣì, bátìrì, ìṣáná, abẹ̀bẹ̀, àti oúnjẹ tí kò nílò iná bíi gààrí àti kúlíkúlí sínú rẹ̀. Ẹ pọn omi sílẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ọwọ́ yín yóò ti tó àpótí náà nínú òkùnkùn ni kí ó wà.

Ní ọjọ́ kẹrin ni iná dé. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, “Up NEPA!”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005, kí a tó bí èyíkéyìí nínú wọn, ni orúkọ NEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀. Tèmi bá wọn pariwo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, òun ni ó ń kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ a sì dúró títí yóò fi kà á tán.