Bí Fáìlì Bá Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé

Obìnrin inú Lúùkù 15 tó sọ owó fàdákà kan nù kò sá lọ sọ́jà. Ilé ara rẹ̀ ló gbá. Ẹ̀yin òbí, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe bí kọ̀ǹpútà bá ní fáìlì .dll kan kò sí. A rọ̀ yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ àjèjì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Olè lè bá a wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn ọmọ àti fọ́tò ẹbí sórí flash. Lẹ́yìn náà, ní Windows 10 tàbí 11, ẹ fi "Run as administrator" ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ sfc /scannow. Yóò fi ẹ̀dà tí Windows ti tọ́jú dí àlàfo náà. Bí kò bá ṣe é, ẹ tan íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, kí ẹ tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Olúwa yóò pa iṣẹ́ ọwọ́ ilé wa mọ́.