Àsọyé Ìgbà Òtútù ní Vermont: Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Òkè Nígbà tí Yìnyín Bá Bo Ọ̀nà

Ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kí ago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú. Yìnyín á ti bo òkè, á ti bo ahéré tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí, á sì máa lẹ̀ mọ́ àmì funfun tí wọ́n kùn sára igi kí ẹnikẹ́ni má ṣìnà. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé rírìn lórí òkè ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ló kù tí yóò máa ṣe? Ẹgbẹ́ Green Mountain Club ti rí èsì sí èyí tipẹ́. Wọ́n á kó ènìyàn jọ sínú gbọ̀ngàn tó móoru, wọ́n á tan pírójẹ́kítọ̀, ẹnì kan tó lọ síbi tó jìnnà tó sì bọ̀ láyọ̀ á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

Orúkọ James P. Taylor ni wọ́n fi sọ àwọn àsọyé alẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n máa ń ṣe é ní olú-ilé ẹgbẹ́ náà ní Waterbury Center, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Stowe, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ nínú ọdún ni àsìkò rẹ̀. Owó ìwọlé kò ju dọ́là díẹ̀ lọ, ti ọmọ ẹgbẹ́ sì kéré sí ti àlejò. Ẹni tí kò gun òkè kankan rí lè wọlé jókòó, kò sẹ́ni tí yóò yẹ bàtà rẹ̀ wò.

Olùkọ́ ni Taylor ní ilé ẹ̀kọ́ Vermont Academy, ní Saxtons River. Ohun tó ń ká a lára ni pé òkè pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè gbà gùn wọ́n kò tó nǹkan. Lọ́dún 1909 ó wà lórí òkè Stratton, ó ń dúró kí kùrukùru ká nílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rò ó pé kí wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa bá orí àwọn òkè náà lọ láti ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ kan dé ìpẹ̀kun kejì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1910, ènìyàn 23 pàdé ní Burlington, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ẹnu dùn ún ròfọ́, àmọ́ àwọn wọ̀nyí gbé àdá àti àáké. Nígbà tó fi máa di ọdún 1930, ọ̀nà náà ti kúrò ní ààlà Massachusetts, ó ti dé ààlà Kánádà. Long Trail ni wọ́n ń pè é. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 272 máìlì, òun sì ni àgbà gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ gígùn tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó ti wà nílẹ̀ kí Benton MacKaye tó gbé èrò Appalachian Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ gígùn mìíràn, jáde lọ́dún 1921. Lónìí, fún bíi 100 máìlì ní apá gúúsù Vermont, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ ni Taylor ní jù, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi bá àsọyé mu lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní kọ́nú-n-kọ́họ. Lọ́dún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ William Wilgus dábàá pé kí ìjọba àpapọ̀ la ọ̀nà mọ́tò ìgbafẹ́ gba ara àwọn òkè náà kọjá, nǹkan bí 260 máìlì. Àwọn tí kò níṣẹ́ á ríṣẹ́, àlejò á pọ̀, owó á wọlé. Ẹgbẹ́ náà fárígá, nítorí ọ̀nà mọ́tò ọ̀hún fẹ́ máa tẹ̀ lé ọ̀nà ẹsẹ̀ wọn lórí òkè. Taylor ńkọ́? Ó ti di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ọ̀nà mọ́tò ló dúró sí.

Àwọn ará Vermont ní àṣà kan: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, tí òtútù ṣì mú, ará ìlú kọ̀ọ̀kan á pàdé nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á jiyàn lórí owó ìlú, ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì dìbò. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1936 ni wọ́n bi gbogbo ìpínlẹ̀ léèrè bóyá wọ́n fẹ́ ọ̀nà mọ́tò náà. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Owó ìjọba àpapọ̀ ni o, ní ìgbà ọ̀wọ́n! Títí dòní, bí ẹgbẹ́ náà bá pe ènìyàn wá gbọ́ àsọyé lórí ìdáàbòbò òkè, orúkọ ẹni tó fẹ́ kí mọ́tò gba orí òkè ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Èmi ò rí àbùkù nínú ẹ̀. Láìsí Taylor, kì bá tí sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń jà fún.

Fífi ìrìn òkè ṣe ọ̀rọ̀ alẹ́ kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Albert Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gun òkè Mont Blanc lọ́dún 1851. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba gbọ̀ngàn Egyptian Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé àwòrán ńláńlá síwájú èrò, ó sì ń sọ bí ìrìn náà ṣe rí fún ẹni tó bá sanwó. Ọdún kẹfà rẹ̀ ló ń ṣe é lọ nígbà tí wọ́n dá Alpine Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè, sílẹ̀ lọ́dún 1857, òun náà sì wà lára ọmọ ẹgbẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀. Eré ni tirẹ̀, ó sì pa owó gidi níbẹ̀.

Ní Vermont, ìtàn ìrìn àjò ni oyin tí wọ́n fi ń fa èrò wá: ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ òkèèrè já, ẹni tó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lójú odò ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọ̀nà tiwọn gan-an náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1927, ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta, Hilda Kurth, Kathleen Norris àti Catherine Robbins, rin Long Trail dé ibi tó gbòòrò dé nígbà náà, láìsí ọkùnrin tó ṣamọ̀nà wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn ń pè wọ́n ní Three Musketeers, òkìkí wọn sì kàn kọjá Vermont. Kí a má tan ara wa, tí àsọyé bá jẹ́ kìkì "mo lọ, mo gùn, mo bọ̀", fáàrí ni. Èyí tó ṣe ènìyàn láǹfààní ni èyí tó sọ ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo orí òkè Mansfield. Òun ló ga jù ní Vermont, ó tó 4,393 ẹsẹ̀ bàtà, igi kì í sì í hù ní góńgó rẹ̀. Ewéko kéékèèké ló wà níbẹ̀, tí ẹni tó ń kánjú á pè ní koríko lásán. Ọ̀kan nínú wọn, diapensia, máa ń dì pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ba à gbé e, á sì yọ òdòdó funfun ní nǹkan bí oṣù kẹfà. Ilẹ̀ tútù tó jìnnà lápá àríwá ni ilé irú ewéko bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òkìtì yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ yìí yọ́, ní ohun tó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó wà lórí òkè ló ṣẹ́ kù, torí òtútù ibẹ̀ bá wọn lára mu. Mansfield ní bíi 200 éékà irú ilẹ̀ yìí; díẹ̀ wà lórí Camel's Hump, bíńtín sì wà lórí òkè Abraham. Ewéko náà ń fara da ìjì àti yìnyín, ṣùgbọ́n kò lè fara da bàtà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹgbẹ́ náà ń fi ènìyàn sórí òkè tí yóò máa bẹ àwọn tó gòkè pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa tẹ orí àpáta.

Nísàlẹ̀ góńgó yẹn, nínú igbó igi kúkúrú, ni ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bicknell's thrush ń pamọ. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ ni, àwọn òkè New England, New York àti ìlà-oòrùn Kánádà nìkan ló ti ń bí. Tí òtútù bá dé, á fò lọ sí erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti àti Dominican Republic wà. Díẹ̀ nínú wọn ń dé òkè ìlà-oòrùn Kúbà. Nítorí náà, lásìkò tí èrò jókòó sí Waterbury Center tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ òkè wọn, ẹyẹ òkè wọn ń jẹ kòkòrò ní erékùṣù òkun Kàríbíà. Dídáàbò bo igbó Vermont nìkan kò lè gbà á là.

Lẹ́yìn àsìkò àsọyé ni ẹrẹ̀ ń dé. Tó bá di oṣù kẹrin, yìnyín òkè ń yọ́, àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì dì gan-gan, omi kò rí ibi wọ̀. Bàtà kan á rì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á yẹra, á gba etí ọ̀nà. Ẹni kẹta á tún gba etí etí. Ọ̀nà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì á wá di mẹ́fà, ewéko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á kú, òjò á fọ erùpẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi á wà níta gbangba. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ẹgbẹ́ náà fi ń ní kí gbogbo ènìyàn fi ọ̀nà òkè gíga sílẹ̀ títí di ìsinmi ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù karùn-ún. Ẹni tí ẹrẹ̀ bá ká mọ́ ojú ọ̀nà kí àkókò yẹn tó pé, kó yí padà. Tó bá sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló bá ibi ẹlẹ́rẹ̀ díẹ̀ pàdé, àárín ẹrẹ̀ ni kó gbà, bàtà ṣe é fọ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ń béèrè owó. Ní àríwá Vermont nígbà kan rí, ilẹ̀ olónílẹ̀ ni ọ̀nà náà gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi, àdéhùn ẹnu ló sì dì í mú. Tí olówó bá ra ilẹ̀, ọ̀nà lè parẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti kéde lọ́dún 1971 pé ẹgbẹ́ náà ni olùdásílẹ̀ àti aláàbò Long Trail, ṣùgbọ́n ìkéde kì í ra ilẹ̀. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti ń kó owó jọ láti fi rà á tàbí kí wọ́n fi òfin dè é, wọ́n sì ti dáàbò bo ohun tó lé ní 25,000 éékà.

Ẹni tí àsọyé bá wọ̀ lára tó fẹ́ rin Long Trail tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ahéré tó lé ní 60 wà lójú ọ̀nà. Kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá gbẹ, kó sì ti apá gúúsù gbéra, torí apá àríwá ló le jù: àtẹ̀gùn onígi wà lára àpáta Mansfield tí wọ́n ń gùn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó sì dára kí ẹsẹ̀ ti mọ́ra kó tó débẹ̀.