Ìyá Ẹni Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́ ọba níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ mọ́ àṣírí ìjọba, wọn a kọ́kọ́ wádìí ẹni náà fínnífínní. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan pé ìyá tí ó wà ní Ìbàdàn, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n rà sí Ìjẹ̀bú, lè di ìdènà fún wọn.

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé láti oṣù kẹfà ọdún 1917+100, èyíinì ni 2017, ní ìpín 13. Ìpín kejì dá lórí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ohun ìní ẹni ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwa kò bá wọn wí. Ẹni tí ó bá di ẹbí ẹni mú lè fi ìyẹn fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé ẹni tí ó ní ẹbí lókèèrè kò yẹ. Wọn a wo irú orílẹ̀-èdè tí ẹbí náà wà, bóyá ó ń bá ìjọba ibẹ̀ ṣiṣẹ́, àti bí ẹni náà ti ta gbòǹgbò tó ní Amẹ́ríkà. Bí iyèméjì bá kù, ààbò ìlú ni wọn yóò gbè. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì nìkan kò ba nǹkan jẹ́, bí kò bá fi í pamọ́.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè bóyá ènìyàn ti fi owó ran ará òkèèrè lọ́wọ́ rí. Ta ni nínú àwọn ọmọ wa tí kò fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí àbúrò rí? Ẹni tí ó bá rò pé ọgbọ́n ni láti fi í pamọ́, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ìpín mìíràn nínú òfin kan náà ka irọ́ sí àbùkù ìwà, ó sì lè di ẹjọ́ sí ẹni náà lọ́rùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ kọ̀wé sí àwọn ọmọ yín kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀ láìfòyà. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nípò ìjọba, ẹ má ṣe bínú bí wọ́n bá kọ ipò yín mọ́ ọn. Ìyá ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí a sẹ́ ẹ ni ìtìjú.