Áńtẹ́nà VHF àfọwọ́ṣe: ìwọ̀n ló ń mówó wá, kì í ṣe gíga ọ̀pá

Télọ̀ tó bá gé aṣọ oníbàárà kéré jù ti wọ gbèsè nìyẹn, nítorí kò sí bó ṣe lè fà á gùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà rí lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ọ̀pá lásán ni ojú ń rí lórí òrùlé, ṣùgbọ́n bí gígùn rẹ̀ kò bá bá orí ìgbì tí rédíò ń lò mu, agbára tó yẹ kó jáde yóò máa padà sínú rédíò, ó sì lè jó o. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Láti ọdún 1959 tí tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ni ọ̀pá áńtẹ́nà ti ń yọ lórí òrùlé nílẹ̀ Yorùbá. Àwo sátẹ́láìtì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ṣì wà: àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìgbádùn, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní amateur, àti àwọn iléeṣẹ́ tó gba àṣẹ láti lo rédíò alágbèéká.

Ìṣirò tí kò le

Orí ìgbì 144 sí 146 MHz ni àwọn amateur ń lò jù nínú VHF. Ẹ mú 7,125, kí ẹ fi iye MHz pín in. Ohun tó bá jáde ni gígùn ọ̀pá náà ní sẹ̀ǹtímítà. Fún 145 MHz, 49 ni. Fún iléeṣẹ́ tí àṣẹ rẹ̀ wà lórí 155 MHz, 46 ni.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì SO-239 oníhò mẹ́rin kan, ọ̀pá idẹ tàbí wáyà bàbà tó nípọn, bóòtù àti nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́rin. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó ọ̀pá kan mọ́ àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó dúró ṣánṣán. Ẹ de mẹ́rin yòókù mọ́ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 52. Kí àwọn ẹsẹ̀ mẹ́rin yìí tẹ̀ wálẹ̀ bí eegun agbòjò tí wọ́n ṣí. Bí wọ́n bá tẹ́ gbalaja, áńtẹ́nà náà yóò wà ní bíi 36 ohm. Bí wọ́n bá tẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, yóò súnmọ́ 50 ohm tí rédíò ń fẹ́.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ má ṣe gé ọ̀pá òkè ní 49 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé e ní 51, kí ẹ wá fi mítà SWR sáàárín rédíò àti wáyà. Kí mítà náà jẹ́ èyí tó ń ka VHF, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún 27 MHz nìkan yóò parọ́ fún yín. Ẹ lo agbára kékeré, ẹ kà á lórí 144, 145 àti 146, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí iye tó wà lórí 144 bá kéré sí ti 146, ọ̀pá náà ṣì gùn jù. Ẹ gé mílímítà 3 kúrò, kí ẹ tún kà á. Gígé kọ̀ọ̀kan ń sún un sókè ní nǹkan bíi 1 MHz. Nígbà tí iye tó kéré jù bá bọ́ sórí 145, ẹ dáwọ́ dúró. Bí iye náà bá ju 1.5 lọ síbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tún ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn tẹ̀. Ní 1.5, ìdá 4 nínú 100 agbára ló ń padà. Ní 2, ìdá 11. Ní 3, ìdá 25.

Ẹ tún ṣọ́ra fún wáyà. Ti tẹlifíṣàn jẹ́ 75 ohm, kò bá a mu. RG-58 jẹ́ 50 ohm, ṣùgbọ́n ó ń jẹ bíi ìdajì agbára bó bá gùn tó mítà 15. RG-213 tó nípọn ló dára fún ọ̀nà jíjìn. Wáyà gígùn sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, yóò mú kí mítà fi iye tó dára hàn nígbà tí áńtẹ́nà kò dára. Nítorí náà, wáyà kúkúrú ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ fi sílíkónì dí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí omi má wọ̀ ọ́. Ẹ gbé òpó náà jìnnà sí wáyà iná ju gígùn òpó lọ, kó má baà kan án bó bá wó. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan áńtẹ́nà nígbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀.

Ìwé àṣẹ kọ́kọ́

Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àjọ NCC ni ìwé àṣẹ ti ń wá, 5N ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè àwọn amateur. Òfin àgbáyé kò gbà kí wọ́n fi rédíò amateur ṣòwò: kì í ṣe fún pípe oníbàárà tàbí dídarí awakọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ èyí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tirẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè ta áńtẹ́nà, àmọ́ kó jẹ́ pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi rédíò dán an wò.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú ayùn, ẹ ní kí oníbàárà fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. Orí ìgbì tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ ó fi ṣírò. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ kọ gígùn ọ̀pá, iye tí mítà kà àti ọjọ́ sórí rìsíìtì, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Bí aáwọ̀ bá dé lọ́la, àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò gbèjà yín. Owó ọ̀pá àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kò pọ̀. Mítà ló wọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ya ẹni tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń gbé ọ̀pá sókè.