Àjàkálẹ̀ Àrùn àti Kíkọ́ Iṣẹ́ Abẹ: Ẹ̀kọ́ Ọdún 2020

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ipa tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ní lórí àwọn dókítà tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ. Èrò mi ni pé kì í ṣe àkókò nìkan ni wọ́n pàdánù. Ọ̀nà tí ìmọ̀ ń gbà ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ ni ó dí.

Ìpele mẹ́ta ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọmọ-iṣẹ́ a kọ́kọ́ máa wò. Lẹ́yìn náà, a máa ran ọ̀gá lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ a di abẹ mú, ọ̀gá a sì dúró tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àìsàn tí kò kánjú, bí ìpá àti gẹ̀gẹ̀, ni ó yẹ ìpele kẹta yìí jù, nítorí pé àyè wà láti fara balẹ̀ kọ́ni.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020, ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Káàkiri àgbáyé, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn dá iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú dúró, kí ibùsùn àti ohun èlò má baà wọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì kò dúró, pé ìyẹn náà tó kọ́ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn kí ó lè mí, àrùn lè ti inú èémí rẹ̀ ran àwọn tí ó wà nítòsí. Nítorí náà ni a ṣe ń dín èrò inú yàrá kù, tí ọ̀gá sì ń di abẹ mú kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ọmọ-iṣẹ́ wá padà sí ìpele kìíní, tàbí kí ó má tilẹ̀ wọlé. Ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọpọlọ. Kò kọ́ ọwọ́.

Ọkàn wọn náà kò sinmi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má kó àrùn lọ bá òbí àti ọmọ nílé; ìdánwò tún wà níwájú. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 2020, ẹgbẹ́ wọn, NARD, da iṣẹ́ sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni aṣọ ààbò, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti àfikún sí owó ewu tí ó ti wà ní ₦5,000 lóṣù. Àwọn kan pè é ní ojúkòkòrò. Lójú tèmi, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò sì rí oorun sùn, kò lè kọ́ iṣẹ́ tí ó gba ìfarabalẹ̀.

Nítorí náà, bí irú àjàkálẹ̀ yìí bá tún dé, ẹ jẹ́ kí á pèsè ààbò àti ìsinmi fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí á má ṣe ka oṣù tí wọ́n lò. Ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe ni kí á wò kí á tó fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí yóò sùn sábẹ́ abẹ wọn lọ́la kò ní béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni àbùkù ẹ̀kọ́ wọn yóò ti hàn.