Ọ̀já Irun Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Hun

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ fi Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí ẹ wá ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Ubeji yìí, mo mọ̀ pé bí àwọn ọkùnrin kan bá ti rí àkọlé yìí, ìròyìn ìgbéyàwó àti ìkómọ ni wọn yóò ṣí lọ kà. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọmọbìnrin.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá àwọn ọmọ lọ sí Òṣogbo láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àìsàn dá gúnlẹ̀. A rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó di oṣù mẹ́ta. Ó wá ku èmi àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Oúnjẹ kò dà mí láàmú, nítorí mo mọ ẹ̀bà í tẹ̀. Irun ni ó dà mí láàmú. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní Ujevwu, lórí ojú irin Warri sí Itakpe tí wọ́n ṣí fún èrò ní 2020, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dúró de ẹni tí ó ń dirun ọmọ. Èmi tí n kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀, ohun tí mo ń ṣe láràárọ̀ ni pé n ó wọ́ gbogbo irun ọmọ náà sẹ́yìn, n ó sì fi rọ́bà dè é pinpin, kí ó má baà tú kí wọ́n tó jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ a máa sọ pé, “Bàbá, ó ń dùn mí.” Èmi a dáhùn pé, “Fara dà á, a ti pẹ́.”

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé irun iwájú orí rẹ̀ àti ti ẹ̀bá etí ti ń já, tí awọ orí sì ń hàn. Ó ní òun kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ òun ń pe òun ní bàbá arúgbó. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Nọ́ọ̀sì tí mo mú un lọ bá là mí lóye pé irun tí a bá ń fà le lójoojúmọ́ yóò máa tu láti gbòǹgbò. Bí a bá tètè dẹ̀ ẹ́, yóò hù padà; bí a bá ń fà á lọ fún ọdún púpọ̀, ojú ibẹ̀ lè di pípá títí láé. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1907 ni ọkùnrin ará Austria kan tí ń jẹ́ Trebitsch ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin Greenland tí irun wọn lọ nítorí bí wọ́n ṣe ń dì í le.

Màmá tí ó ni ilé tí a ń gbé, ọmọ Itsekiri ni wọ́n. Wọ́n rí wa bí a ti ń bọ̀, wọ́n wo orí ọmọ náà, wọ́n mi orí tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì kó abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti wúùlù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, sọ rọ́bà yẹn sí ààtàn. Hun ọ̀já fún un, kí ó fi bo ibi tí ó ń tì í lójú, kí irun rẹ̀ rí ààyè hù.” Mo ní, “Màmá, ọkùnrin ni mí.” Wọ́n ní, “Ṣé ọkùnrin kò ní ọwọ́ ni?”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Màmá ń sọ Itsekiri, mo ń sọ Yorùbá, ibi tí kò bá yé wa, a fi Pijin dí i. Èdè wọn àti tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí Màmá bá ń ka ojú wúùlù, mo máa ń bá wọn kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀já híhun fi dára ju rọ́bà lọ. Aṣọ òfì tí àwọn ará Ìsẹ́yìn ń hun, òwú ọ̀nà méjì ni ó ń pàdé níbẹ̀: èyí tí wọ́n ta gùn, àti èyí tí wọ́n fi ń la àárín rẹ̀ kọjá. Ti wúùlù yàtọ̀. Okùn kan ṣoṣo ni, ojú kan ń gba inú ojú kejì jáde, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí àwọ̀n bá lójú. Nítorí náà, ó ń nà, ó sì ń sún padà, kò sì ní fún orí pa.

Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí. Ẹ ra wúùlù ní ọjà Igbudu, irú èyí tí àwọn onídìrí ń lò. Bí ó bá tín jù, ẹ pa á pọ̀ ní méjì. Kì í ṣe irun àgùntàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ o. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, irú epo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé ìfọpo tí wọ́n ṣí ní ẹ̀bá wa níhìn-ín ní 1978. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, yóò yọ́.

Ẹ fi okùn wọn orí ọmọ. Ti ọmọ mi jẹ́ íǹṣì 20, mo sì hun íǹṣì 18, nítorí pé yóò nà. Ẹ ta kókó bíi ti okùn tàkúté, ẹ fi kọ́ abẹ́rẹ́ kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ ká wúùlù mọ́ àtàǹpàkò, ẹ yọ ojú tí ó ká náà sórí abẹ́rẹ́, ẹ fà á díẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ojú 12.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ yìí sí ọwọ́ òsì, kí èkejì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ki abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ inú ojú kìn-ín-ní láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ẹ ká wúùlù mọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fà á gba inú ojú náà jáde, ẹ wá jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Ojú kan nìyẹn. Bí 12 bá pé, ìlà kan parí. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n mìíràn nínú rẹ̀. Ìlà méjì-méjì yóò yọ bí ebè kan. Tèmi gba ìlà 144, èyí tí í ṣe ojú 1,728. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan gbà mí tó ààbọ̀ wákàtí.

Ọ̀já àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ojú 12 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kà á lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di 17, ọ̀já sì ti fẹ̀ bí arọ tí a fi ń rọ epo. Wúùlù ni mo ń ṣèèṣì fi kọ́ abẹ́rẹ́ láìhun ún, tí ó ń di ojú tuntun. Inú bí mi. Màmá kàn fa okùn náà tu, wọ́n tún un ká, wọ́n ní wúùlù kò bàjẹ́, sùúrù ni ó tán. Ó yẹ kí n ti mọ̀, èmi tí mo ń ka owó tíkẹ́ẹ̀tì: ẹni tí kò bá ṣírò lójoojúmọ́ yóò sunkún ní ìparí oṣù. Láti ìgbà náà, mo ń ka ojú ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo mú un dé ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan ní akọ̀wé ti di ìyàwó ilé. Mo bi í léèrè pé ta ni ń jókòó sídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, bí kì í bá ṣe ọkùnrin? William Lee tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìhunbọ̀sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1589, ọkùnrin ni òun náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpàdé, ó yọ́ wá béèrè iye tí wọ́n ń ta abẹ́rẹ́, nítorí ọmọ tirẹ̀.

Bí ọ̀já bá gùn tó, ẹ hun ojú méjì, ẹ gbé ti àkọ́kọ́ fo orí èkejì sọ sílẹ̀. Ẹ hun ọ̀kan sí i, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí yóò fi ku ojú kan. Ẹ gé wúùlù, ẹ fà á gba inú ojú náà, kí ẹ sì rán etí méjèèjì pọ̀. Bí ọmọ bá wọ̀ ọ́, ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀ láìfipá. Ní alẹ́, ẹ bọ́ ọ.

Ọmọ mi wọ tirẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti Òṣogbo, irun múlọ́múlọ́ ti ń yọ ní ẹ̀bá etí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tú ọ̀já náà wò, ó wo ọmọ, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bà fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà náà ti ń gbádùn. Ọmọ-ọmọ wọn ń hun ọ̀já kan lọ́wọ́ tí a ó fi ránṣẹ́ sí wọn, òun ni ó sì ń ka ojú rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bàbá tàbí ìyá tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó yà sí ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìpàdé. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, Màmá sì ti ní kí n má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ojú Irin.